Ẹ má fi ìka kan ṣoṣo ra aṣọ

Àṣìṣe tó ná mi lówó jù ni ti aṣọ ìkókó. Mo yà sí ìsọ̀ kan ní Balógun, mo fọwọ́ pa aṣọ funfun kan, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, mo ra yáàdì mẹ́rin lójú ẹsẹ̀. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, ó gan bí àpò sìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe òwú ni mo fọwọ́ pa lọ́jọ́ náà, oje ìmúrọ̀ tí wọ́n fi ra á lára ni. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àǹkàrá tuntun tó le gbagidi, sítáàṣì ló wà lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ ná kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Ẹ tọrọ àjákù díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, ẹ lọ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ó lè kọ́kọ́ wò yín tìkà-tẹ̀gbin. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ má sì pe yíyọ̀ ní rírọ̀. Sátíìnì mìíràn ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ká a, kò fẹ́ tẹ̀. Ní ọdún 1930, Peirce, onímọ̀ nípa aṣọ ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi etí pátákó wọn èyí, ilé yín náà sì gbà á: ẹ gé aṣọ méjì tí gígùn àti fífẹ̀ wọn dọ́gba, ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, ẹ máa tì wọ́n síta kọjá etí tábìlì náà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dorí kodò ló tẹ̀ jù. Àmọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn á pẹ́ kó tó dorí kodò, síbẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ á rì sínú rẹ̀. Abájọ tí ẹ̀rọ tí Kawabata, onímọ̀ nípa aṣọ, ṣe ní Japan fi ń wọn títẹ̀, fífún, fífà àti yíyọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí oríṣi ìwọ̀n tó ń mú jáde lára aṣọ kan fi jẹ́ 16.

Ìka tó ń fọ ìkòkò lójoojúmọ́ kọ́ ló máa wọ aṣọ náà. Ọrùn ni kí ẹ fi wò ó, pàápàá aṣọ onírun àgùntàn: fọ́nrán tó bá nípọn ju nǹkan bí 0.03 mìlímítà lọ kì í tẹ̀ tó bá kan ara, ńṣe ló ń gún un. Ìka lè má mọ̀ ọ́n, ọrùn á mọ̀.

Aṣọ ìnura ńkọ́? Ẹ má da oje ìmúrọ̀ sí i. Á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mu omi dáadáa mọ́.