Owó Tí Ẹ Ń Ná Kí Ẹ Má Bàa Tòògbé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Ẹ̀yin Awakọ̀ Bàálù Tuntun

Nínú gbogbo igbákejì awakọ̀ tí wọ́n ń gbé wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìpẹ́ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹyọ kan tí agóló énájì dríǹkì kò kún inú báàgì rẹ̀. Òmíràn á tún so aago tó ń wọn oorun mọ́wọ́, á gbé ìrọ̀rí ọrùn tó rà ní Dubai dání, oògùn kaféènì oníhóró á sì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Owó ńlá ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kí a tó parí ìrìn kẹta lọ́jọ́ náà, oorun á ti máa kùn ún. Ó ń dùn mí, torí pé ọmọ tó gbọ́n, tó sì mọṣẹ́, ni púpọ̀ nínú wọn. N kò ní í kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti fi ṣe ìdánwò. Ẹ mọ iye wákàtí tí òfin gbà wá láyè láti fò, ẹ sì mọ̀ pé láàárín aago méjì sí mẹ́fà òru ni ara ń fẹ́ oorun jù. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

1. Énájì dríǹkì. Kaféènì inú rẹ̀ máa ń lo bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó bá mu agóló kan ní Abuja ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó wá fẹ́ sùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ torí pé òru ló máa jí, bí ẹni pé ó mu ìdajì agóló kí ó tó gbórí lé ìrọ̀rí ni. Ẹ mu kọfí yín láàárọ̀, kí ẹ fi mọ síbẹ̀. Omi ni kí ẹ máa mu lẹ́yìn ìyẹn, torí pé afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń gbẹ, àìmomi sì máa ń dá kún àárẹ̀.

2. Aago tó ń wọn oorun. Ẹ tọ́jú owó yín. Ẹni tí kò sùn mọ̀ pé òun kò sùn.

3. Ilé. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ìkẹjà ni pápákọ̀ òfuurufú wa wà. Ajah, lẹ́yìn Lekki lọ́hùn-ún, ni ọmọ tuntun lọ gba ilé sí. Bàálù àkọ́kọ́ máa ń gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje àárọ̀, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ síwèé ní wákàtí kan ṣáájú. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah á jí ní aago mẹ́ta, á sì ti wà lójú ọ̀nà kí aago mẹ́rin tó lù, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí táńkà máa ṣubú sí, tàbí bóyá wọ́n tún ti dí apá kan lórí afárá Third Mainland. Àsìkò tí oorun jinlẹ̀ jù lára rẹ̀ ló fi ń di sítíárì mú.

Ìyẹn ni ti àárọ̀. Ẹ wá wo ìrọ̀lẹ́. Ká ní ó parí iṣẹ́ ní aago márùn-ún, tí rósítà, ìyẹn ìwé ètò iṣẹ́, sì ní kó padà wá ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lórí ìwé, ìsinmi rẹ̀ lé ní wákàtí méjìlá. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Oshodi títí dé Ajah á gba wákàtí méjì ààbọ̀ níbẹ̀. Kó wẹ̀, kó jẹun, kó bá ìyàwó àti ọmọ sọ̀rọ̀, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣì ń dún. Ká tiẹ̀ ní oorun gbé e lọ ní aago mẹ́wàá, wákàtí márùn-ún péré ló rí sùn. Kó wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léra, gbèsè oorun tó wà lọ́rùn rẹ̀ kọjá ohun tí kọfí lè san. Òfin kò ka ojú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́. Inú ìsinmi yín ni ọ̀nà ti ń jẹ ẹ́.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí kò gba ilé sí Àjàò Estate tàbí Ọ̀gbà, tí kò jìnnà sí pápákọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, Lekki ni gbogbo ẹgbẹ́ mi wà, sà." Owó tó san síbẹ̀ yẹn tó gba ilé gidi ní Ọ̀gbà, á sì ṣẹ́ku èyí tó máa fi ra ínvátà àti kọ́tìnì dúdú tó nípọn, tó lè fi sùn lọ́sàn-án. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló yẹ kí awakọ̀ fowó rà.

Bí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ rántí bàálù Colgan Air 3407 tó já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009. Àádọ́ta ènìyàn ló kú. Newark ni ibùdó iṣẹ́ àwọn awakọ̀ méjèèjì. Igbákejì awakọ̀ ti fi gbogbo òru wọkọ̀ òfuurufú láti Seattle, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà, kó lè débi iṣẹ́. Yàrá ìsinmi òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ sùn sí lóru tó ṣáájú. Àwọn olùwádìí ní bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe ṣi ọwọ́ gbé nígbà tí bàálù ń kìlọ̀ pé eré òun ti lọ sílẹ̀ jù ni olórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ ti dín òye àwọn méjèèjì kù. Ìjàm̀bá yìí wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà yí òfin ìsinmi awakọ̀ padà. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n ti ń fún wọn ní wákàtí 10 ó kéré tán, tí àyè wákàtí 8 fún oorun wà nínú rẹ̀.

4. Òde àti ìṣọ́ òru. Mo mọ̀ pé ìyá yín á bínú bí ẹ kò bá yọjú síbi òkú. Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò sí. Ẹni tó bá ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì kò gbọdọ̀ gba bàálù àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ìwádìí kan tó jáde ní 1997 fi hàn pé ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, ìṣe rẹ̀ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má lo Piriton kí ẹ tó wá síṣẹ́, torí pé ó máa ń kunni lóorun. Ẹ má mu agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Nípa kí iṣẹ́ súni, àwọn kan nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin nìkan ni, pé kò kan èrò ọkọ̀. Ó kàn wọ́n o. Èkó sí Abuja, Abuja sí Èkó, Èkó sí Port Harcourt, kí a tún padà. Bíi ìṣẹ́jú 50 lójú òfuurufú, ọ̀rọ̀ kan náà lórí rédíò, ṣẹ́kílíìsì kan náà, ìyẹn ìwé ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ẹnu á ti kà á tán kí ojú tó débẹ̀. Ìrìn kẹrin la wà lọ́jọ́ kan, a ń sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Mo ní kí ọmọ náà sọ ẹsẹ̀ bàálù kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé "Three greens", nígbà tí kò tíì fà á wálẹ̀ rárá. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń sọ pé ẹsẹ̀ bàálù ti wálẹ̀ kò tàn. Iwájú ló ń wò. Mo pè é lórúkọ, mo ní kó fi ìka kan iná kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ìka rẹ̀ kan gíláàsì tó ṣókùnkùn yẹn ni ara rẹ̀ tó ta.

Ìka ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá bá mi fò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń kà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè lójú ọ̀nà: bí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún bá kú níbí, ṣé Ìlọrin ni tàbí Àkúrẹ́? Báwo ni ojú ọjọ́ ibẹ̀? Ṣé pápákọ̀ yẹn ṣì ń gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀? Bí ojú ọjọ́ bá dára, tí ilé iṣẹ́ sì fàyè gbà á, ẹ pa ọ́tòpáílọ́ọ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ yín wa ọkọ̀ díẹ̀. Ẹ má fi fóònù pa ìsúni. Lóṣù kẹwàá ọdún 2009, àwọn awakọ̀ bàálù Northwest 188 ní Amẹ́ríkà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn títí bàálù fi kọjá Minneapolis tí wọ́n ń lọ. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Oorun nínú kọ́kípíìtì, yàrá awakọ̀, ńkọ́? Èkó sí Abuja kò gùn tó láti sùn kí ojú sì tún dá. Ní 2008, awakọ̀ méjèèjì sùn lọ láàárín Honolulu àti Hilo ní Hawaii, ìrìn tí kò tó wákàtí kan, ní òwúrọ̀, wọ́n sì kọjá ibi tí wọ́n ń lọ. Lóṣù kìíní ọdún 2024, àwọn awakọ̀ Batik Air méjì ní Indonesia sùn pọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 28 láti Kendari sí Jakarta. Igbákejì awakọ̀ ní ìbejì tí kò ju oṣù kan lọ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ lọ sùn sí yàrá mìíràn lóru tí iṣẹ́ bá wà láàárọ̀, kí ẹ bẹ ìyá ìyàwó yín kó wá ràn yín lọ́wọ́. Bí ọyẹ́ bá dá wa dúró nílẹ̀, tí ẹ ti mọ̀ pé ó tó wákàtí kan, ẹ sùn fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹnì kejì máa ṣọ́nà. Kí ẹ jí, kí ẹ bọ́jú, kí ẹ rìn díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gá awakọ̀ tó wa bàálù tó já ní Mangalore, Íńdíà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2010 ti sùn fún ohun tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ nínú ìrìn náà, oorun kò sì tíì dá lójú rẹ̀ tán nígbà tó ń balẹ̀. Ènìyàn 158 ló kú.

Èyí tó kù ni "Mo wà dáadáa, sà." Gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan tí wọ́n ti ń pe ẹni tó bá ní ó rẹ òun ní ọ̀lẹ níwájú gbogbo ènìyàn, inú sì ń bí mi sí i títí dòní. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ pe ẹni tó ń ṣètò rósítà ní alẹ́, kí aago mẹ́jọ tó kọjá, torí pé ní àsìkò yẹn ó ṣì lè rí ẹlòmíràn tó máa rọ́pò yín. Bó bá di aago márùn-ún àárọ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá awakọ̀ yín kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn bàálù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tí ẹ sùn, ìgbà tí ẹ jí, iye ìrìn tí ẹ ti ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́.