Ẹ má ka orúkọ ọmọbìnrin Írẹ́lándì bíi Gẹ̀ẹ́sì

Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù ni kí ènìyàn rí Niamh, kó pè é ní "Níámù". Nínú èdè Írẹ́lándì, bí h bá tẹ̀lé m tàbí b, v ló sábà ń dún. Nítorí náà, "Nííìv" ni Niamh, "Kíìva" ni Caoimhe. S tó bá ṣaájú i tàbí e a sì máa dún bíi ṣ tiwa, ìyẹn ni Siobhán fi jẹ́ "Ṣìvọ́ọ̀n". Ẹni tí wọ́n bá ti pe Ṣọlá rẹ̀ ní Sola rí mọ bó ṣe ń dunni.

Ẹ má yọ àmì orí fáwẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní fada, dànù. Òun ló ń fa fáwẹ̀lì gùn. Bríste ni ṣòkòtò. Briste, láìsí àmì, ni ohun tó ti fọ́. Méjì ni Róisín ní, ẹ kọ méjèèjì.

Èyí tó ká mi lára jù: a máa ń rò pé orúkọ tó bá ti le kà, ti ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kí àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó ń sọ Faransé, tó dé sí Írẹ́lándì ní 1169, kò sí Siobhán, kò sí Sinéad. Ara orúkọ Faransé bíi Jehanne ni wọ́n ti jáde. Saoirse, òmìnira, àwọn ọdún 1920 ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n jà kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Niamh ló pẹ́ ní tòótọ́: nínú ìtàn àtijọ́, òun ló fi ẹṣin gbé akọni kan, Oisín, lọ sí Tír na nÓg, ilẹ̀ tí a kì í ti darúgbó. Ti Máire, ìyẹn Màríà, ló wú mi lórí jù. Láyé ìjelòó, ọ̀wọ̀ ìyá Jésù kò jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ ní orúkọ rẹ̀ ní tààrà. Maol Mhuire, ìránṣẹ́ Màríà, ni wọ́n ń sọ.

Colleen ńkọ́? Cailín, ọmọbìnrin, lásán ni. Àwọn tó ṣí lọ sí òkè òkun, bí Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di orúkọ.

Ẹ má sì tètè sọ pé orúkọ kan ti kú. Bridget pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ará Írẹ́lándì ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, débi pé wọ́n fi ń pẹ̀gàn wọn, tí àwọn kan sì pa á tì. Láti 2023, Brigid mímọ́, ẹni tí orúkọ Bridget ti wá, ti ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ ní Írẹ́lándì. Fiadh, tí àwọn ìyá àgbà kò mọ̀ sí orúkọ ọmọ, ni wọ́n sọ jù fún ọmọbìnrin níbẹ̀ ní 2021.