Bí Mo Ṣe Ra Ampilifáyà Àtijọ́ Pẹ̀lú Owó Akẹ́kọ̀ọ́

Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó náà. Sípíkà méjì ti wà nínú yàrá mi, ẹ̀gbọ́n mi ló fi wọ́n sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń kó lọ, ṣùgbọ́n sípíkà tí kò ní ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, àpótí lásán ni. Mo kọ́kọ́ wo àwọn tuntun. Èyí tí agbára mi ká fúyẹ́ bí ike, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ló ní kí n yíjú sí àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1985. Ó ní nígbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ Japan ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tiransifọ́mà ńlá àti irin tó nípọn ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè gbé sí pálọ̀.

Orúkọ ló kọ́kọ́ gba àkókò mi. Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń dárúkọ NAD 3020, èyí tó jáde ní ọdún 1978. Wọ́ọ̀tì 20 péré ni wọ́n kọ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ sípíkà tó ń béèrè agbára púpọ̀ kì í bò ó mọ́lẹ̀. Mo rí ọ̀kan, àmọ́ òkìkí rẹ̀ ti gbé owó rẹ̀ gun òkè. Ohun kan náà ni mo bá lára ampilifáyà Marantz àti Pioneer tí iwájú wọn dà bíi fàdákà. Ni mo bá pinnu pé mi ò ní fi owó díẹ̀ tí mo ní ra orúkọ. Mo pín in sí mẹ́ta: ìdá méjì fún ẹ̀rọ, ìdá kan fún àtúnṣe. Ẹ̀rọ tó ti lé ní ogójì ọdún kò ní wọlé kó má béèrè nǹkan kan.

Wọ́ọ̀tì náà fẹ́ tàn mí jẹ. Mo rò pé ẹ̀rọ 80 á pariwo ní ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀rọ 20. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ló ń fi kún un. Kí etí tó gbọ́ ọ bíi pé ó di méjì, wọ́ọ̀tì ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú yàrá tí ibùsùn àti tábìlì kan ti gbà tán, 20 sí 30 tó mi.

Kí n tó lọ wo ẹ̀rọ kankan, mo máa ń wá ìwé àtúnṣe rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá transistor lásán, ẹ̀yà kékeré tó ń mú ohùn lágbára, ló ń gbé ohùn jáde, tàbí àwọn àkópọ̀ tí wọ́n di ọ̀pọ̀ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ sínú ẹyọ kan, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú STK. Ọ̀pọ̀ STK àtijọ́ ni wọn ò ṣe mọ́, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. Mo yẹra fún wọn.

Báàgì kan ni mo ń gbé kiri: sípíkà kékeré kan tí kò ní dùn mí bó bá jóná, fóònù mi, wáyà tó ń so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, tọ́ọ̀ṣì, àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá kò jẹ́ kí n so ẹ̀rọ mọ́ iná. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òun gbé e pamọ́. Mo dúpẹ́, mo padà. Èkejì lẹ́wà gan-an, igi ara rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ bí a ṣe tàn án ló ń kùn hùn-ùn nínú sípíkà, kódà nígbà tí mo yí ohùn dé òdo. Bí mo sì ṣe yí i sókè, kíkùn náà kò pọ̀ sí i, kò dín. Ó jọ pé àwọn kápásítọ̀ ńlá tó ń tún iná ṣe nínú rẹ̀ ti gbẹ. Ó dùn mí láti fi í sílẹ̀, ojú mi ti fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ẹ̀kẹta. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀rọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, pé ìdí tí òun fi dín owó rẹ̀ kù nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: fóltì tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá iná ilé mu. Èyí ṣe pàtàkì o. Iná Japan jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ọ̀pọ̀ ibi mìíràn ń lo 220 sí 240, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ló sì ti kọjá láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. A tàn án. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, mo gbọ́ "kẹ́" nínú rẹ̀. Ọkàn mi fò. Ohun tó ń ṣọ́ sípíkà ló dún yẹn. Bí nǹkan burúkú bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kì í sábà ṣí ọ̀nà.

Mo fi mítà sí ojú ibi tí wọ́n ń so sípíkà mọ́, láì tíì so ohunkóhun: mílífóltì 18 lọ́tùn-ún, 31 lósì. Iná tààrà (DC) ni mò ń wọ̀n, èyí tó bá kọjá mílífóltì 50 níbẹ̀ á ti máa kọ mí lóminú. Bó bá wá pọ̀ gan-an, á sun wáyà inú sípíkà. Èyí mọ́. Mo wá so sípíkà, mo so fóònù mọ́ Aux, ojú ihò tí wọ́n ń so ẹ̀rọ mìíràn mọ́, kì í ṣe Phono, torí ẹ̀rọ tó ń lu àwo ni Phono wà fún, ohùn fóònù á pọ̀ jù fún un. Kò sí ohùn kankan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí iwájú rẹ̀, mò ń ka ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Tape Monitor wà ní títẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ èyí, ohùn téèpù nìkan ni ẹ̀rọ á máa retí. Bí kò bá sí téèpù, á dákẹ́ lọ gbári. Mo tẹ̀ ẹ́ padà. Orin bú jáde.

"Bàbá, kò bàjẹ́ o," mo ní. "Bọ́tìnnì yìí ni wọ́n tẹ̀."

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Látọjọ́ yìí! Ṣé o ṣì ń rà á?"

Mo bi wọ́n bóyá owó rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ní iye tí àwọn sọ náà ni àwọn sọ, kí n máa gbé e lọ.

Ohùn apá òsì ṣì ń há, ó sì ń ta ṣáṣá bí mo bá yí ohùn. Ìdọ̀tí ni. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú kí iná tó kù sínú kápásítọ̀ lè rọ̀, mo wá tú ìdérí rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku, mo fín òògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná sínú ibi yíyí kọ̀ọ̀kan, mo sì ń yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tó ìgbà ọgbọ̀n. Òògùn tí wọ́n ṣe fún iná ni kí ẹ lò, ẹ má fín epo tí wọ́n fi ń mú irin rọ̀. Nígbà tó gbẹ, apá méjèèjì dọ́gba.

Òògùn yẹn àti wáyà sípíkà ni mo rà nínú ìdá kẹta owó náà, ìyókù ṣì wà nílẹ̀. Tí a bá gba ìsinmi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀. Iná kékeré iwájú rẹ̀ ti kú, mi ò sì tíì rí irú rẹ̀ rà. Mo ti mọ ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà nínú òkùnkùn.