Bí A Ṣe Ń Kó Rìfọ́fà Àtijọ́ Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Fín Jọ

Ẹ gbé rìfọ́fà Colt àtijọ́ kan, ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, tí ilé-iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà rọ, sábẹ́ iná, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òòlù rẹ̀, irin kékeré tí a máa ń fà sẹ́yìn kí ìbọn tó dún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ Gustave Young, ọ̀kan lára àwọn tó ń fín ọnà sára ìbọn láyé ọjọ́un, ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá orí ìkookò níbẹ̀: etí tó nà sẹ́yìn, imú gígùn, irun ọrùn tí wọ́n là ní fọ́nrán-fọ́nrán, lórí irin tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn afíngbá ní Ọ̀yọ́ ni ojú tèmi ti kọ́kọ́ là sí iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó bá mọ igbá fínfín dunjú kì í béèrè ẹni tó ṣe é. Á wo ibi tí ọ̀bẹ ti yà ní kọ̀rọ̀, á ní, "Ọwọ́ lágbájá nìyí." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíkó rìfọ́fà wọ̀nyí jọ rí. Ọwọ́ ẹni tó fín in là ń ra, ìbọn sì ni igbá tó fín in sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ ó ṣe máa dá ọwọ́ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ òfin ibi tí ẹ ń gbé

Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà, ibẹ̀ náà ni òfin ti rọrùn jù. Lábẹ́ òfin ìbọn ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 1968, ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ohun àtijọ́, a kò sì kà á mọ́ ìbọn òde òní. Ọdún tí wọ́n rọ ọ́ ni ẹ wò o, kì í ṣe bó ṣe rí lójú. Colt Single Action Army jáde ní 1873, wọ́n sì ń rọ ọ́ lọ tó pẹ́ lẹ́yìn 1898. Méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ ohun àtijọ́, kí èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára irin ni yóò sọ ọdún rẹ̀ fún yín. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀, ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó náwó.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú Ọba, ní 2021 ni wọ́n tún òfin ibẹ̀ tò. Wọ́n yọ àwọn irú ọta kan, bíi .44 Smith & Wesson Russian àti .41 Colt, kúrò nínú èyí tí ìbọn rẹ̀ lè jẹ́ ohun àtijọ́ tí kò nílò ìwé àṣẹ. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn tiwa ka rìfọ́fà mọ́ ohun èèwọ̀, kódà ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tó ń jẹ ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e wálé, ì báà jẹ́ láti fi han bàbá yín. Fọ́tò ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀

Àwọn Colt àkọ́kọ́ ń jẹ ẹ̀tù àti ọta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ẹ̀tù tí ẹnì kan kì sínú rẹ̀ láti ayé Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣì lè gbiná lónìí. Ẹ gbé èyíkéyìí tí ẹ kò bá mọ inú rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, kó tú u wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa gbádùn ọnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ ojú yín kí ẹ tó ra nǹkan kan

Mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo ọdún kan gbáko láìra nǹkan kan. Ẹ lọ sí Wadsworth Atheneum ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí àkójọ Samuel Colt fúnra rẹ̀, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Colt sílẹ̀, wà, èyí tí ìyàwó rẹ̀ Elizabeth fi sílẹ̀ fún wọn nígbà tó kú ní 1905. Ẹ lọ sí Metropolitan Museum ní New York. Rìfọ́fà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi wúrà tẹ́ ojú rẹ̀, tí àwòrán George Washington wà lára rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ ni Colt fi ta Sultan Tọ́kì lọ́rẹ. Ẹ dúró tì í pẹ́.

Mẹ́ta ni ọwọ́ tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Gustave Young tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1827. Ó ṣiṣẹ́ fún Colt ní Hartford, kó tó ṣí lọ sí Springfield, Massachusetts ní 1869, níbi tó ti ń fín ìbọn fún ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson. Ewé inú iṣẹ́ rẹ̀ kún, ó yí bí ìtàkùn tó rí omi mu, ilẹ̀ ẹ̀yìn ewé sì kún fún àmì tótòtó tó wẹ́. Louis Nimschke náà wá láti Jámánì, New York ló fi ṣe ibùjókòó. Ti tirẹ̀ gbòòrò jù, ó sì láyà. Ó máa ń tẹ iṣẹ́ tó bá parí sórí bébà kó tó gbé e fún oníbàárà, àwọn bébà yẹn ṣì wà, òun ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń wé iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ̀kẹta ni Cuno Helfricht, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọnà Colt láti 1871 títí di 1921. Àádọ́ta ọdún! Bí Colt tí ẹ rí bá jẹ́ ti àwọn ọdún 1880 tàbí 1890, tí ọnà ilé-iṣẹ́ sì wà lára rẹ̀, ti Helfricht àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ ya àtilẹ̀bá sọ́tọ̀ kúrò lára àfikún

Ibí ni owó ti ń sọnù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Àgbá ọta Colt Navy ti 1851 ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó ń jagun, ogun tí Texas bá Mexico jà lójú òkun ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1843. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ló fín in sára ìbọn yẹn. Waterman Ormsby, tó ń ṣe ọnà owó bébà, ló fín in sára irin kan, irin yẹn ni wọ́n wá ń yí mọ́ àgbá lẹ́yìn àgbá. Ẹni tó bá fi èyí nìkan pe ìbọn rẹ̀ ní "fífín ọwọ́", ẹ dágbére fún un.

Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tó lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ojú ilà tí ọwọ́ fín máa ń bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á sanra láàárín, á tún tẹ́ẹ́rẹ́ lópin. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi òòlù kékeré gbá irin ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n fi ń fín in ni, ẹ ó rí àkàsọ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ilà, ìgbá kan, àkàsọ̀ kan. Ilà ẹ̀rọ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo inú ilà. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń fín irin náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ní àwọ̀ aró tàbí kí wọ́n tó fi níkẹ́ẹ̀lì, irin funfun tó ń dán, bò ó. Nítorí náà àwọ̀ gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ ilà. Bí inú ilà bá funfun gbòò, tí etí níkẹ́ẹ̀lì sì ṣí wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ló fín in lẹ́yìn tó ti jáde nílé-iṣẹ́. Ẹ tún wo lẹ́tà orúkọ ilé-iṣẹ́. Ewé àtilẹ̀bá máa ń yà fún lẹ́tà, ewé àfikún sábà máa ń gùn ún lórí. Bí lẹ́tà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tí ọnà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì mú ṣáṣá, wọ́n ti họ irin yẹn kí wọ́n tó fín in.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ èyí kò dẹrùn. Mo ra Smith & Wesson kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó ní ọnà àtìgbà tí wọ́n rọ ọ́ ni. Ìwé tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan: níkẹ́ẹ̀lì lásán, kò sí ọnà kankan nígbà tó jáde. Mo gbé e padà sábẹ́ awò. Níkẹ́ẹ̀lì ti là ní etí gbogbo ewé, ó hàn kedere, mi ò sì wò ó nígbà tó yẹ kí n wò ó. Ó dùn mí wọnú eegun, nítorí ìbọn yẹn dára kó tó di pé wọ́n ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba ìwé kí ẹ tó sanwó

Ilé-iṣẹ́ Colt ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́, àjọ tó ń tọ́jú ìtàn Smith & Wesson náà sì wà. Ẹ fi nọ́ńbà ìbọn ránṣẹ́, ẹ san owó tí wọ́n bá dá, wọ́n á kọ ohun tó wà nínú ìwé wọn fún yín: ọjọ́ tó jáde, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àwọ̀ rẹ̀, irú èkù rẹ̀, bóyá ọnà wà lára rẹ̀. Iná jó ilé-iṣẹ́ Colt ní 1864, ìwé àwọn ti ìṣáájú kò sì pé, nítorí náà bí wọ́n bá ní àwọn kò rí i, ìyẹn nìkan kò sọ ìbọn yín di ayédèrú. Ojú yín ni ẹ ó tún padà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: rírà

Ilé gbàǹjo tó gbajúmọ̀ fún èyí ni Rock Island Auction. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ta rìfọ́fà Remington méjì tí wọ́n fún Ulysses S. Grant, ọ̀gágun tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà pé Nimschke ló fín wọn, ní dọ́là mílíọ̀nù 5.17 ní 2022. Ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó wá Smith & Wesson kékeré tí wọ́n fín fún àwọn oníṣòwò New York, tàbí iṣẹ́ àwọn ará Liège ní Belgium, tó dára gan-an tí owó rẹ̀ kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ilé gbàǹjo ń gba owó lórí iye tí ẹ bá dá. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní èkù eyín erin. Amẹ́ríkà mú òfin eyín erin Áfíríkà le ní 2016, New York àti California le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2022. Ẹ gba ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má sì yọ èkù àtilẹ̀bá dà nù láti sá fún wàhálà.

Ìgbésẹ̀ keje: ìtọ́jú

Ẹ má dán an. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi nǹkan ha irin yẹn kó lè dán, ẹ ń pa díẹ̀ nínú ọwọ́ ẹni tó fín in rẹ́, kò sì tún padà mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú, nítorí òógùn ọwọ́ ń fa ìpẹtà. Ẹ fi ìda tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò pa á fẹ́rẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ, nítorí oje tí wọ́n fi ṣe awọ máa ń jẹ irin. Yàrá tí kò ní ọ̀rinrin púpọ̀ ló dára, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e dé ilé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí iná ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sínú ilà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀ àti ẹni tí ẹ rò pé ó fín in. Ẹ fi ìwé ilé-iṣẹ́ sí i, kí ẹ sì fi ibi tí ó wà han ẹnì kan nínú ilé.