Bí mo ṣe kọ àwo orin ìgboro Adó-Èkìtì: ohùn ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú

Orin 9 ló wà nínú àwo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìgboro Adó-Èkìtì ni gbogbo wọn dá lé: ọkọ̀ tó ń wá èrò, agbègbè Fájuyì lálẹ́, àwọn tó ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ọjà Ọba, ayálégbé tí kò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ìlànà àtijọ́ ni mo fi kọ wọ́n, èyí tó gbilẹ̀ láàárín àwọn akọrin Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1950. Bar 32 ni (bar ni ẹ̀ka kékeré tí a fi ń ka ìlù orin), ọ̀nà mẹ́rin la pín in sí, bar 8 bar 8: A, A, B, A. A mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohùn orin kan náà. B á yà síbòmíràn, kí A ìkẹyìn lè dùn nígbà tó bá padà. Àgbékalẹ̀ yìí bá Yorùbá mu dáadáa, ṣùgbọ́n bí ohùn ọ̀rọ̀, ìyẹn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà, bá ti sọnù, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ ọ̀rọ̀ ṣáájú ohùn orin. Mo máa ń sọ ìlà náà jáde bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní gáréèjì, mo máa ń ká a sórí fóònù, lẹ́yìn náà ni mo ń kọ dò-re-mí sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan. "Ọkọ̀ ti kún, ẹ wọlé" fún mi ní re dò re mí, re re mí. Kò pọn dandan kó jẹ́ nóòtì wọ̀nyẹn gan-an. Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni ibi tí ohùn kọjú sí: "kọ̀" kò gbọdọ̀ ga ju "ọ" tó ṣáájú rẹ̀. Bí o bá gbé e sókè, ọkọ́ ni olùgbọ́ máa gbọ́, orin èrò ọkọ̀ á wá di orin olóko. Láti gbólóhùn kan sí èkejì, àyè wà láti yí ìpele padà. Bí gbólóhùn bá gùn, ohùn ẹni máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ga, kí ọ̀rọ̀ ìparí má bàa wọlẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀fun olórin lè dé.

Orúkọ àdúgbò pàápàá ní orin nínú. Fájuyì, mí re dò, ń sọ̀ kalẹ̀ wá sílé, òun ni mo fi parí A nínú orin tó dá lórí agbègbè yẹn, tó ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tí wọ́n pa lọ́jọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Adó, re mí, ń gòkè. Ìparí B ni mo gbé e sí, níbi tí etí ti ń retí A tó kù.

Ibi tó le jù ni pé A mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ohùn tó bá A àkọ́kọ́ mu lè pa ọ̀rọ̀ A kejì. Bó ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá láyé àtijọ́, tí wọ́n sì kọ sórí ohùn òyìnbó: a mọ ohun tí wọ́n ń sọ nítorí pé a ti há wọn sórí. Ọ̀nà tí mo gbà ni pé bar méjì ìparí A jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yí padà rárá. Nóòtì tí A fi ń bẹ̀rẹ̀ náà kò yí. Àwọn bar tó wà láàárín ni mo fi sílẹ̀ kí wọ́n máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Etí á gbà pé ohùn kan náà ni.

Ohùn tó bá ń gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu kì í rìn jìnnà, nóòtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń tó o. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a lù pọ̀, ló ń fún un lẹ́wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Tẹ nóòtì E mọ́lẹ̀ lórí kíbọọ̀dù, kí o máa pààrọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí kọ́ọ̀dù Cmaj7, nóòtì kẹta ni, bí a bá kà á láti C tó jẹ́ nóòtì ìdí rẹ̀. Lórí Am7, ìkarùn-ún. Lórí Fmaj7, ìkeje. Lórí Dm7, ìkẹsàn-án. Nóòtì kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kò sì ṣì. Kọ́ọ̀dù kan fún bar kan, ní ìyára BPM 92 (lílù 92 ní ìṣẹ́jú kan), àfi bar 7 àti 8 tí mo fi méjì méjì sí. Ẹ fi nóòtì ìdí kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún béèsì, kí kíbọọ̀dù mú ìkẹta, ìkeje àti ìkẹsàn-án. Bí àwọn méjèèjì bá ń lu nóòtì ìdí, ìsàlẹ̀ orin á dí pa.

Gángan kan péré ni mo lò. Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, bí òun àti olórin bá sọ̀rọ̀ pọ̀, a ò ní gbọ́ ìkankan. Ìgbà tí olórin bá di nóòtì gígùn mú ni gángan ń dáhùn. Awọ rẹ̀ máa ń rọ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń le nígbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ gbé e sínú yàrá tí ẹ fẹ́ ti ká a kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi kíbọọ̀dù yẹ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó tún un lù.

Ní ti kíká ohùn, ẹ̀yìn olórin ni ẹ fi fóòmù àti aṣọ kọ́ sí, nítorí iwájú ni máìkì kádíọ́ìdì ti ń gbọ́ràn, ohùn tó bá kọlu ògiri ẹ̀yìn olórin ló ń padà wọ inú rẹ̀. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí máìkì, 24-bit, 48 kHz (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ohùn), kí ibi tó ga jù má kọjá -10 dB (ìwọ̀n ariwo lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ká a). Òjò lórí páànù kò ní oògùn, ẹ dúró kó dá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, iná 50 Hz (ìgbọ̀n 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló ń mú jáde, ariwo hùn-ùn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e ní 100 àti 150 Hz. Gígé ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz kò lè mú àwọn méjì wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n sì wà láàárín ohùn ọkùnrin gan-an. Bátìrì àti ínfátà ni mo fi ká ohùn, jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa.

Ariwo ọjà àti ti gáréèjì wà nínú àwo náà, fáìlì WAV ni mo fi fóònù ká wọn sí, kì í ṣe MP3 tó ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré. Ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan ni mo fi wọ́n sí, wọ́n sì ti parẹ́ kí olórin tó lanu. Igbe ẹni tó ń pe èrò ní ohùn tirẹ̀, ó máa ń bá orin jà.

Níkẹyìn, -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin lápapọ̀ ṣe ń pariwo sí létí) ni mo gbé gbogbo àwo sí, kí ibi tó ga jù má kọjá -1 dBTP (ìwọ̀n ibi tí ohùn ga dé gan-an), nítorí àwọn ìkànnì orin máa ń fa orin tó bá pariwo jù wálẹ̀ fúnra wọn. Orin kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà ISRC tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá orin tí a ká mọ̀, àwòrán iwájú jẹ́ píksẹ́lì 3000 ní ìbú àti òró. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé e síta, onígìtá, oníkíbọọ̀dù, onílù àti èmi ti fọwọ́ sí ìwé tó sọ ìpín kálukú nínú orin kọ̀ọ̀kan.