Bí Mo Ṣe To Ìwé Eré Ẹṣin Bàbá Kan ní Long Island

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mo ń ṣe ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Láàárín àwọn tí mo ti tọ́jú, ọkùnrin kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 85. Bàbá ni mo ń pè é, nítorí n kò lè máa pe ẹni tó ju bàbá tó bí mi lọ ní orúkọ, òun náà sì ti mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí. Ní ìgbà òtútù kan, omi ya wọ yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun kó àwọn páálí tó wà níbẹ̀ sókè. Inú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti rí ìwé pẹlẹbẹ 200, tí ìdajì wọn ti rin gbingbin. Ìwé ètò eré ẹṣin ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo gbé páálí náà síwájú Bàbá, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbà á là, ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ṣe é ní àkókò tí Bàbá bá ti jẹun ọ̀sán tán.

Eré ẹṣin afakẹ̀kẹ́ ni àwọn ìwé náà ń sọ nípa rẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹṣin kì í gun ẹ̀yìn rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́ẹ́ kan tó ní ẹsẹ̀ méjì ni ó ń jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀. Òfin tó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé ẹṣin kò gbọdọ̀ bẹ́ gìjà bí ẹṣin tí ogun ń lé. Ìrìn kan pàtó ni ó gbọ́dọ̀ máa rìn, bó ti wù kí ó yá tó: àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ iwájú òsì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún pọ̀, àwọn kan sì ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Bí èyíkéyìí bá ṣi ìrìn, ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fa ìjánu kí àwọn yòókù lè kọjá, títí ìrìn rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Bàbá fi ìka rẹ̀ méjì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi lórí tábìlì, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé mi.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mú kí àwọn ìwé náà gbẹ. Mo tẹ́ aṣọ ìnura funfun sílẹ̀, mo to àwọn ìwé náà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tan fáànù sí wọn láti òkèèrè. N kò sá wọn sí oòrùn, nítorí oòrùn a máa mú kí ìwé ká, a sì máa pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Èyí tó bá ti bu ni mo gbé lọ sí ìta, mo bo imú àti ẹnu, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn ìbu náà dànù nígbà tó gbẹ tán. Ìwé méjìlá ni n kò lè gbà là rárá, ó sì dùn mí, nítorí Bàbá mọ ọjọ́ tí ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Bàbá ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí gbogbo wọn: ó fi àmì sí ẹṣin tó ta tẹ́tẹ́ lé, ó kọ ẹni tó borí, ní ìgbà mìíràn ó sì kọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í. Ohun tó wà ní etí ìwé wọ̀nyí níye lórí lójú mi ju ohun tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ sínú wọn lọ.

Títò wọn ní ọdún kọ̀ọ̀kan ni ó gba ọgbọ́n jù. Púpọ̀ nínú wọn ti sọ èèpo ẹ̀yìn wọn nù, nítorí náà mo ní láti fi ohun tó wà nínú wọn mọ ọjọ́ orí wọn, Bàbá sì ni olùkọ́ mi. Roosevelt Raceway tó wà ní Westbury ni ọ̀pọ̀ jùlọ ti wá. Pápá eré ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ kọ́ síbẹ̀ ní 1936, kí agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ George Morton Levy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ di ti ẹṣin ní 1940, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná sáré níbẹ̀ ní alẹ́. Ìwé tó bá mẹ́nu kan eré Messenger kò lè ṣáájú 1956, nítorí ọdún náà ni eré yẹn bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹṣin kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1788 ni wọ́n fi sọ ọ́, ìdílé ẹṣin náà sì ni àwọn ẹṣin afakẹ̀kẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀. Èyí tó bá ní ti Yonkers, pápá eré ẹṣin mìíràn ní New York, lálẹ́ kò lè ṣáájú 1950. Èyí tó bá sì ní eré àgbáyé ti Roosevelt, tí ẹṣin láti orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń wá díje níbẹ̀, 1959 ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Bàbá kì í lè sọ̀rọ̀ nípa 1959 kí ojú rẹ̀ má tàn. Jamin, ẹṣin ilẹ̀ Faransé, ni ó borí nínú eré àgbáyé ọdún náà. Ẹṣin náà fẹ́ràn láti máa jẹ artichoke, ìyẹn òdòdó ewébẹ̀ kan báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí èyí tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé wọlé. Ìròyìn ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ìlú, wọ́n sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí i láti California. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Hairos II ti ilẹ̀ Netherlands gba ipò kìíní, ènìyàn 54,861 ni ó wà níbẹ̀. Bàbá wà láàárín wọn pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lókè kò lè rí àyè sọ ọ́ kalẹ̀, àti pé nígbà tí ọkọ̀ abapá tó ń ṣáájú àwọn ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ilẹ̀ a máa mì títí.

Ọkọ̀ yẹn yẹ ní sísọ. Kí ó tó dé, ẹṣin a máa ṣáájú ẹṣin, wọn a sì máa pè wọ́n padà láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, débi pé òǹwòran a máa sú. Ní 1946, Roosevelt bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ kan tó ní apá gígùn méjì lẹ́yìn. Gbogbo ẹṣin a máa tẹ̀ lé apá náà ní ìlà kan, nígbà tí wọ́n bá dé ojú ibi ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ a ká apá rẹ̀, a sì sá kúrò lọ́nà. Bàbá gbà pé ohun tó kó èrò wá nìyẹn, èmi náà sì gbà á gbọ́: òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò ní àkókò láti fi ṣòfò lálẹ́.

Ìwé November 1963 kan ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ẹṣin mẹ́fà nínú mẹ́jọ kò parí eré kan, àwọn aláṣẹ kò sì fagi lé èsì rẹ̀. Inú bí èrò, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì dáná. Bàbá ní inú ìtìpa èrò ni ìwé òun ti ya. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, àṣìṣe ńlá ni mo sì ṣe, nítorí sẹ́lótéèpù a máa sọ ìwé di pupa rúsúrúsú bó bá pẹ́. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ṣí i, ó bá lẹ́tà mẹ́ta nínú ohun tí Bàbá fi pẹ́ńsù kọ lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, sítáàṣì tí mo fi omi gbígbóná rò ní fúyẹ́ àti ìwé tínínrín ni mo fi ń tún èyí tó bá ya ṣe. Mo yọ gbogbo pín-ìnnì tó ti dípẹtà, mo sì ki ìwé kọ̀ọ̀kan bọ inú àpò ọ̀rá tí kò ní ásíìdì nínú.

Láti 1971 lọ, àwọn ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọdún náà ni ìlú New York ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ti lè ta tẹ́tẹ́ ẹṣin láìdé pápá. Ní 1976, wọ́n ṣí pápá eré ẹṣin Meadowlands ní New Jersey, ó sì fa ẹṣin àti èrò lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kankan rí, nítorí kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí òun lè dì mọ́ bí òun bá jẹ. Roosevelt ti ilẹ̀kùn pa ní July 1988, ilé ìtajà àti ilé sinimá sì wà lórí ilẹ̀ náà nísinsìnyí. Yonkers ṣì ń sáré, ilé tẹ́tẹ́ sì ti wà níbẹ̀ láti 2006. Mo gbé Bàbá lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn rẹ̀. Àwọn ẹṣin náà sáré dáadáa. Mo ka àwọn tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá, a kò pé ogójì.

Nígbà tí a ń padà, ó bi mí léèrè bóyá ẹṣin wà ní ìlú wa. Mo fi fídíò Ojúde Ọba hàn án lórí fóònù, bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń gun ẹṣin wọlé níwájú Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìlù ń dún, tí èrò sì kún bí omi. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn ẹṣin ni ó ń wò.

Ìwé 188 ni ó wọ inú álíbọ́ọ̀mù mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru Amẹ́ríkà ní 1988. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Bàbá ti kọ orúkọ ẹṣin kan, ó fa ìlà méjì sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bi í bóyá kí n kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.