Bí ẹ ṣe lè dá okun padà sára àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru

Bí màmá tàbí bàbá yín bá ń rù, tí wọ́n ń fọwọ́ ti ògiri kí wọ́n tó rìn, ẹ má kàn sọ pé ogbó ló dé. Ẹ dán ẹsẹ̀ wọn wò. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn mítà 4 nínú pálọ̀, kí wọ́n rìn ín bí wọ́n ṣe máa ń rìn, tọ̀pátọ̀pá bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ara ti fẹ́ máa ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bí wọ́n bá sì ti rù ju kílò 4 lọ láàárín ọdún kan láìmọ̀dí, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń dùn wá jù. Gbàrà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìtọ̀ ṣúgà, ará ilé á gba gbogbo oúnjẹ lọ́wọ́ àgbà, á wá ku ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú nìkan. Ẹran itan á yọ́ dànù. Ẹni tó wọn kílò 60 tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe nílò bíi gíráàmù 72 purotíìnì, èròjà oúnjẹ tó ń gbé ẹran ara ró, lójúmọ́. Ẹyin kan kò sì ní ju bíi 6 lọ. Nítorí náà, gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń mu lálẹ́ láìsí ẹ̀pà tàbí ẹja kò lè gbé wọn ró. Ìkọ́kọrẹ́ dára, àmọ́ ẹ dín ewùrà kù, kí ẹ fi ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wọn sí i, kí ẹ yọ egungun rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin rọ ẹni tí kò léyín lọ́rùn. Bí kíndìnrín bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ bi dókítà kí ẹ tó fi kún purotíìnì.

Fún ẹsẹ̀, ẹ gbé àga líle ti ògiri. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, ìgbà 8, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Bó bá nira, ẹ fi ìrọ̀rí gbé àga ga. Ìjókòó ni kí wọ́n rọra ṣe, kí wọ́n ka 3: ẹni tó bá ṣubú lé àga kò tíì lo itan rẹ̀. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ẹ kó gbogbo oògùn wọn, tàgbo tàgbo, sínú àpò kan lọ bá dókítà, yálà ní OOUTH, ìyẹn ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣágámù tàbí ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ ní 20, oògùn lè wà lára ohun tó ń bì wọ́n ṣubú. Ẹ béèrè nípa glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, nítorí ó lè fa ṣúgà àgbà tí kì í jẹun dáadáa wálẹ̀ jù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí wọ́n bá ń làágùn, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí ṣúgà wọn kò tó 70 mg/dL, ẹ po ṣíbí tíì 3 ṣúgà mọ́ omi fún wọn, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n wà mọ́ tàbí tí wọn kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu. Ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn sáré lọ.